Òdòdó Tó Kú Kí Àlejò Tó Dé

Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó ti fi ìyà jẹ òdòdó nílẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n má wulẹ̀ wá mi kiri. Mo ti jókòó síwájú. N kò kọ́ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ bí ayẹyẹ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nínú ẹbí, èmi ni mo máa ń ní èrò tó pọ̀ jù. Fọ́tò sì ni mo ti ń kó èrò náà, fọ́tò tí wọ́n yà ní ìlú tí oòrùn wọn kò lè gbẹ aṣọ ìnura. Mo ti gbà pé òwú tí a lẹ̀ mọ́ igi Kérésìmesì á di yìnyín bí a bá gbà á gbọ́ dáadáa. Mo ti gbà pé róòsì tó tẹríba omi ló ń tọrọ. Mo ti gbà pé ewé tútù gbogbo ọmọ baba kan náà ni, èyí tó bá wù mí ni kí n já. Lójú, àwọn àṣìṣe wọ̀nyí kò jọra, ṣùgbọ́n bí mo ti tò wọ́n jọ ni mo rí i pé ìyá kan ló bí wọn: ohun tó wù mí lójú ni mo ń tẹ̀ lé, n kò bi ojú ọjọ́ àti aago léèrè. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Ojú ọjọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àti wákàtí tí àlejò máa ń dé ní tòótọ́ ló yẹ kó yan òdòdó, kí fọ́tò tó dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi aago bẹ̀rẹ̀. Káàdì ìpè á ní agogo méjìlá ọ̀sán. Onínàwó mọ̀ pé ó di nǹkan bí aago mẹ́ta kí họ́ọ̀lù tó kún, olórin mọ̀, alásè mọ̀. Òdòdó nìkan ni wọn kò sọ fún. Àtàná tàbí ìdájí ni wọ́n ti tò ó sórí tábìlì, wọ́n ti ilẹ̀kùn họ́ọ̀lù pa, kò sì sí ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀rọ amúlétutù nígbà tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi àga. Àga ni òdòdó máa ń fi ẹwà rẹ̀ hàn jù. Bẹ́ẹ̀, òdòdó tí a ti já kì í ṣe òkú. Ó ń mí, ó ń lo oúnjẹ tó wà lára rẹ̀, ooru sì ń mú kó yára lò ó tán. Ní Naivasha ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, níbi tí ọ̀pọ̀ róòsì tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù ti ń wá, ilẹ̀ náà ga tó nǹkan bí 1,900 mítà sí òkun, atẹ́gùn ibẹ̀ sì tutù. Bí wọ́n bá ti gé róòsì báyìí, inú òtútù tí kò ju ìwọ̀n 4 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń gbé e sí, inú òtútù náà ló sì yẹ kó wà títí dé ilé ìtajà. Ẹ wá ronú irú ìyà tó ń jẹ ẹ̀ nígbà tó bá bá ara rẹ̀ lórí tábìlì wa ní ọ̀sán Sátidé oṣù Kẹta. Ó ti kú kí alága ìdúró tó gbé gbohùngbohùn.

Ọgbọ́n tí mo máa ń dá láti gbà á là ló tún ń ti í lọ sí sàréè. Mo máa ń bu omi kún omi, láìmọ̀ pé kì í ṣe omi ló wọ́n, ojú ọ̀nà omi ló dí. Nínú igi òdòdó, àwọn òpó tín-ín-rín wà tó ń fa omi gòkè. Tí wọ́n bá gé e, tí ojú gígé náà sì wà ní gbangba, atẹ́gùn á wọ inú òpó náà. Bí omi àwo bá sì ti dọ̀tí, àwọn kòkòrò àìfojúrí á pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á dí ohun tó kù. Kí a tún ìdí rẹ̀ gé nínú omi, kí a já ewé tó máa rì sínú àwo dànù, kí a fọ àwo bí ẹni máa fi í jẹun, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe mi kejì dára lójú gan-an: èso lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, máńgòrò, ìbẹ́pẹ, gbogbo wọn yí àwo òdòdó ká lórí tábìlì àwọn àgbààgbà. Èso tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ethylene jáde, gáàsì yìí ló sì ń sọ fún òdòdó púpọ̀, pàápàá carnation, pé ọjọ́ ogbó ti dé. Ẹni tó bá kó méjèèjì pọ̀ sínú yàrá tí a ti pa ti fi májèlé sí òdòdó rẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó ń ṣe kàyéfì.

Ti fóòmù pẹ̀lú wà ńbẹ̀, bíríkì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń gún òdòdó mọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vernon Smithers ló gbé e jáde ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní 1954. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni pé kí a gbé e lé omi, kí ó rì fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù, irú èmi, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi á bo ẹ̀yìn rẹ̀, inú rẹ̀ á gbẹ táútáú, òdòdó tí a gún mọ́ ọn á máa mu atẹ́gùn. Ohun tó tún burú ni pé ike ni, kì í jẹrà, ó kàn ń rún wẹ́wẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó níbi àfihàn òdòdó wọn ní Chelsea láti 2021. Wáyà tí a fi ń ṣe ilé adìyẹ, tí a ká sínú àwo, á gbé òdòdó dúró dáadáa, wáyà náà sì wà lọ́jà wa.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló wá ga jù. Igi tí àwọn ará Jámánì ń gbé wọlé nígbà Kérésìmesì ní ìdí tirẹ̀: nínú oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ igi níbẹ̀ ti wọ́wé tán, yìnyín ti bo ilẹ̀, èyí ṣì tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn Illustrated London News tẹ àwòrán Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ Albert, ọmọ Jámánì, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn níwájú igi náà ní 1848, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì gbà á bí ẹni gba aṣọ ẹbí. Ohun tí wọ́n ṣe mọ́gbọ́n wá. Wọ́n wo ìta, wọ́n rí ohun tí ìgbà náà mú wọ́n, wọ́n sì gbé ohun tó wọ́n náà wọlé. Èmi tí mo wà níbi tí igi máńgòrò ti dúdú minimini lójú fèrèsé nínú oṣù Kejìlá, ewé wo ló wọ́n mi tí mo fi ń ra ewé oníke? Ohun tó ń wọ́n wa nígbà ọ̀yẹ́ ni ọ̀rinrin àti àwọ̀ tó mọ́, nítorí erùpẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ti bo ohun gbogbo, títí kan ètè wa. Àwọn igi kan sì wà tó jẹ́ pé àsìkò gbígbẹ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe fàájì: bougainvillea tó gun ògiri, bí omi bá ti dín ló ń tú àwọ̀ jáde. Tí ẹ bá sì fẹ́ pupa Kérésìmesì, poinsettia ń hù nínú ilẹ̀ wa. Ọmọ Mẹ́síkò ni. Joel Poinsett, aṣojú Amẹ́ríkà níbẹ̀, ló fi í ránṣẹ́ sílé ní nǹkan bí 1828. Ohun pupa ara rẹ̀ kì í ṣe òdòdó, ewé ni, kì í sì í pọ́n àfi bí alẹ́ bá gùn tó, tí òkùnkùn náà sì kún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá gbìn ín sábẹ́ iná tó ń ṣọ́lé mọ́jú, bí mo ṣe ṣe, ewé aláwọ̀ ewé ni yóò fi ṣọdún. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kò lè bú àwọn tó ń mú iná lọ tọkàntọkàn mọ́.

Ìwé tó ń sọ pé oṣù báyìí ni àwọ̀ báyìí tilẹ̀ máa ń dákẹ́ bí ó bá kan Iléyá. Oṣù Kẹjọ ni Iléyá 2018 bọ́ sí, ti 2024 bọ́ sí oṣù Kẹfà. Ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún títí tó fi máa la òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Ọdún bẹ́ẹ̀ kò ní òdòdó kan pàtó. Ìta ni kí a wò.

Wọ́n á ní Yorùbá kì í ṣe aláwo òdòdó, pé aṣọ ni òdòdó wa, pé bí gèlè bá ti kún họ́ọ̀lù, kí la tún ń já ewé fún? Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mọ́ mi nínú nítorí ó lè dá mi láre lọ́jọ́ ìdájọ́. Nílé níbí, ewé ló ní ipò ju òdòdó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn èèyàn wa tí omi òkun gbé lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún, ní Rio Vermelho ní Salvador, Brazil, apẹ̀rẹ̀ òdòdó ni wọ́n ń gbé lọ fún Yemọja lórí omi. Ní El Cobre ní Cuba, òdòdó sunflower ni wọ́n ń tà lójú ọ̀nà fún àwọn tó ń lọ kí Màríà ibẹ̀, ẹni tí àwọn olórìṣà mọ̀ sí Ọ̀ṣun. Ohun tó hù níbi tí wọ́n dé ni wọ́n lò. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n yàgò fún àwọn tó ń pariwo pé tiwa-n-tiwa nìkan ni ká lò, nítorí bí a bá yẹ ìwé ìrìnnà wò, bougainvillea á padà sí Brazil, flamboyant á padà sí Madagascar, ọgbà wa á ṣófo. Kì í ṣe ibi tí òdòdó ti wá ni mo ń bèèrè, bí kò ṣe pé ṣé ara rẹ̀ mọ ooru ibí.

Ewé wa náà ní òfin, ibẹ̀ sì ni mo ti jẹ̀bi jù. Imọ̀ ọ̀pẹ kò ní ẹjọ́: àwọn ìjọ ń gbé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìsinmi ọ̀pẹ, àtíbàbà àtijọ́ náà sì ń fi í ṣe òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ já màrìwò, tó so ó rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ibi ìdána nítorí pé ó lẹ́wà, ti pàṣẹ fún àwọn tó mọ̀ pé kí wọ́n dúró síta; aṣọ Ògún ni, ibi tó bá ti dínà kì í ṣe ibi tí ọmọ aráyé gbogbo ń wọ̀. Akòko náà, ewé oyè ni, kì í ṣe ewé tí a fi ń dí àlàfo inú àwo òdòdó. Àwọn àgbà ìlú kì í pariwo lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn á rọra bi èèyàn pé oyè wo la fẹ́ jẹ.

Àtakò tó le jù ni ti ẹ̀yẹ. Wọ́n á ní ṣe ni a ń náwó kí ó hàn pé a náwó, bí a bá wá já òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà wá, àlejò á ní owó tán lọ́wọ́ wa. N kò fojú kéré èyí. Ìnáwó ni ẹnu tí ayẹyẹ wa fi ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ta ló rí sányán tó pè é ní aṣọ aláìní nítorí pé ilé la ti hun ún? Iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń fi owó hàn. Bí ó bá sì jẹ́ òyìnbó ni ẹ fẹ́ kó jẹ́rìí, Constance Spry ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1930 ń fi ewé kale àti koríko ẹ̀bá ọ̀nà ṣọ̀ṣọ́ fún àwọn ọlọ́lá, òun náà ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ òdòdó lé lọ́wọ́ nígbà ìgbadé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní 1953. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn kan ń pè ní jogbo, tó ń bo ẹ̀bá ọ̀nà wa bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kò ní ẹ̀bi kankan ju pé a kì í sanwó fún un.

Mo fi òdòdó rọ́bà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Tó bá wà lẹ́yìn ìyàwó, lókè téńté, níbi tí imú kò dé, tí wọ́n sì ń yá a láti ayẹyẹ kan sí òmíràn, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ṣáà nu erùpẹ̀ ara rẹ̀. Lórí tábìlì tí èèyàn ti ń jẹun ni n kò ti lè fara mọ́ ọn, nítorí àlejò á fọwọ́ kàn án, á wo ojú onínàwó.

Ó ku àwọn ìyàwó tó ti fi ọkàn sí hydrangea, tí ẹnikẹ́ni kò lè yí lọ́kàn padà. Ó ṣeé ṣe. Kí wọ́n ri orí rẹ̀ sínú omi fún ìgbà díẹ̀, torí òdòdó náà lè fi orí mu omi, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi tútù, kí wọ́n má gbé e jáde títí họ́ọ̀lù á fi kún. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ibi tútù kan ṣoṣo tó sábà máa ń wà níbi ayẹyẹ wa ni inú kúlà, ọtí sì ti gba ibẹ̀. Heliconia àti òdòdó ginger kò bá ẹnikẹ́ni du àyè yẹn: bí ìwọ̀n òtútù bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 12 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣe ni ara wọn ń dúdú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ooru pẹ̀lú wa, kí yìnyín kù fún bíà.