Ọ̀yà Kọ́ o, Fẹ́rẹ́ẹ̀tì Ni

Bí ènìyàn bá gbé ẹranko onírun kan tó gùn gbọọrọ, tí imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, sọ̀kalẹ̀ nínú takisí ní Angré, ní Cocody, nílùú Abidjan, kò ní í dé ẹnu géètì kí wọ́n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Gádíẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, yóò béèrè bóyá àgùtí ni, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀yà níbẹ̀. Ìyá tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ àlókò létí títì yóò béèrè iye tó fẹ́ tà á. Bó bá wá pàdé ọmọ Yorùbá, tó sì jẹ́ pé Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ Yorùbá Abidjan ti wá, onítọ̀hún yóò wo ẹranko náà láti orí dé ìrù, yóò ní: "Ẹ ní sùúrù fún un díẹ̀ sí i. Ọ̀yà yìí ò tíì sanra."

Ọ̀yà kọ́. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni, ẹranko ajẹran tí àwọn ará Yúróòpù ti ń sìn nílé láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń rán wọ inú ihò láti lé ehoro jáde. Strabo, ará Gíríìsì àtijọ́ tó kọ̀wé nípa ilẹ̀ ayé, sọ pé láti Líbíà ni àwọn ará Spéènì ti ń kó irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wá nígbà tí ehoro fẹ́ jẹ oko wọn run. Ọ̀rọ̀ Strabo yìí ni ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú takisí lọ́jọ́ náà fi ń gbèjà ara rẹ̀ títí dòní: ó ní ọmọ Áfíríkà ni ẹranko òun.

Ẹni náà ni òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí. "Ó" ni yóò máa pe ara rẹ̀ títí dé ìparí, nítorí ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju èyí tí "mo" kan ṣoṣo lè rù lọ.

Ọgbà ẹranko ìjọba, Zoo national d'Abidjan, tó wà ní Cocody kan náà, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú Kẹ́mi, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ, lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kàkà kó jẹ́ kí ọmọ wo ẹranko kó sì jẹ áìsìkíìmù rẹ̀, ìtàn ló dẹnu bò: bí ogun lẹ́yìn ìbò ṣe gbóná ní Abidjan lọ́dún 2011, tí ìbọn kò jẹ́ kí àwọn olùtọ́jú rí ọ̀nà dé ibẹ̀, tí ebi fi pa kìnnìún àti àwọn ẹranko mìíràn. Ọmọ sunkún láti ibẹ̀ délé. Kí ẹkún tó dá, bàbá ti ṣèlérí pé àwọn náà yóò gba ẹranko kan là.

Ó mọ̀ pé ìjọba Côte d'Ivoire ti fòfin de ọdẹ láti ọdún 1974, torí náà kò wo ọ̀bọ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lójú kejì. Ibì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko tí kò ní olówó mọ́ ló gbà lọ. Ajá ló fẹ́ mú. Ṣùgbọ́n ìdílé òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ti fi fẹ́rẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ níbẹ̀, Patron lorúkọ rẹ̀, Kẹ́mi sì ti gbé e mọ́yà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fara balẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń sùn, àti bí ibi tó wà ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó. Òǹkọ̀wé yìí ń mi orí, ó ń wí pé, "D'accord, d'accord." Lọ́kàn rẹ̀, ẹni tó ti rí òkété, tó ti rí ọ̀yà, tó ti rí ológbò, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ?

Oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní ó gbé garba síwájú àlejò: attiéké pẹ̀lú ẹja túnà díndín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni UNESCO fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe attiéké sínú àwọn ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Patron kò ka ti UNESCO sí. Ìfun fẹ́rẹ́ẹ̀tì kúrú, láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni ohun tó jẹ ti máa ń jáde, kò sì lè lo oúnjẹ oníyẹ̀fun bíi attiéké, tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ẹran ni tirẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kò yẹ ní kíkọ sínú ìwé ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ òórùn tẹ̀lé e. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ní òróró kan lára tó ń rùn. Òǹkọ̀wé yìí fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó tún fi wẹ̀ ẹ́ lálẹ́, kò sì mọ̀ pé bí ìwẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ṣe ni awọ ara ẹranko náà máa ń sáré tú òróró mìíràn jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wá kí wọn láti Èjìgbò ti pa èrò dà: kì í ṣe ọ̀yà mọ́, asín ni.

Ìyá yìí kan náà ló ké pe wòlíì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Patron déédéé ká ẹ̀yìn rókí, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ó ń forí sọ ògiri, ohùn kan sì ń jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ kẹ́kẹ́kẹ́. Màmá ní nǹkan ti gùn ún. Òǹkọ̀wé yìí, tó ti lọ sí yunifásítì, kò jiyàn. Wòlíì dé, ó wọ́n omi, ó gbàdúrà kíkankíkan, ijó sì ń le sí i, nítorí pé ijó ayọ̀ ni. Báyẹn ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì ṣe ń pe ènìyàn wá ṣeré. Nígbà tí wòlíì ń lọ kò rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Abẹ́ àga ni wọ́n ti bá a, pẹ̀lú ṣíbí mẹ́rin, ìbọ̀sẹ̀ kan àti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ bú ara wọn láti ọjọ́ mélòó kan. Olè ni irú ẹranko bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Tantie tó ni ilé gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní dókítà ni kí wọ́n pè, kì í ṣe fún ẹranko, fún ọkùnrin tó gbé e wálé. Tantie kọ́ ló kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1999, nígbà tí New York fòfin de fẹ́rẹ́ẹ̀tì, Rudolph Giuliani, olórí ìlú náà, sọ lórí rédíò fún ẹnì kan tó ń jà fún wọn pé kó lọ rí dókítà ọpọlọ.

Wọn ì bá ti pe dókítà náà kó tó kan ọ̀rọ̀ páìpù.

Òǹkọ̀wé yìí ti kà nípa Felicia. Lọ́dún 1971, àwọn onímọ̀ físíìsì ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà, ń kọ́ ẹ̀rọ ńlá kan, wọ́n sì ń wá ọ̀nà láti nu inú àwọn páìpù tóóró rẹ̀. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Felicia ni wọ́n so okùn mọ́. Ó sá gba inú páìpù kọjá, wọ́n wá fi okùn náà fa aṣọ ìnupáìpù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó wọ èyí tó yí po tó máìlì 4, ó kọ̀ jálẹ̀. Apá tó kẹ́yìn yìí ni òǹkọ̀wé yìí fò.

Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ gbà láti pálọ̀ dé yàrá. Páìpù kan wà nínú ògiri, àwọn oníṣẹ́ sì ní àfi kí àwọn fọ́ ọ. Ó so okùn mọ́ Patron láyà, ó gbé ẹran adìyẹ sẹ́nu páìpù lọ́hùn-ún, ó rán an níṣẹ́. Patron wọlé. Okùn ń lọ, okùn ń lọ, okùn dúró. Wọ́n pè é, wọ́n súfèé, wọ́n gbá ògiri. Kò sí ìdáhùn. Nígbà tí wọ́n rọra fà á padà, ó jáde, gbogbo ara rẹ̀ ti rọ̀: ọrùn kò dúró, ẹsẹ̀ ń mì dirodiro, ojú pa dé.

Kẹ́mi figbe ta. Ìyá Kẹ́mi, tí kò pe ẹranko náà ní nǹkan mìíràn rí ju "eku òyìnbó yẹn" lọ, sunkún ju ọmọ lọ. "Bàbá Kẹ́mi, ẹ ti pa á! Wáyà lẹ fi pa á!" Gádíẹ̀ ti gbẹ́ ihò sábẹ́ igi máńgòrò kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Tantie sọ̀kalẹ̀ wá kẹ́dùn, ó ní, "Yako o, Papa Kẹ́mi, yako." Wọ́n gbé Patron sínú páálí bàtà. Òǹkọ̀wé yìí ń sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére lọ́wọ́, ó ti dé ibi tó ti ń dárí ji olóògbé fún kápẹ́ẹ̀tì, nígbà tí olóògbé yán, ó nara, ó sì bọ́ sílẹ̀ láti lọ wá ẹran adìyẹ rẹ̀. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ń sùn tó wákàtí 14 sí 18 lójúmọ́, oorun rẹ̀ sì lè wọra débi pé wọn yóò gbé e sókè, wọn yóò mì ín, kò ní í mọ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Patron ní tòótọ́. Oṣù Kẹta dé, oòrùn Abidjan sì ń mú. Wọ́n fi í sí báákónì, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n dé, ó na gbalaja, ẹnu rẹ̀ là, èrìgì rẹ̀ pọ́n. Òǹkọ̀wé yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú oorun fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ní kí wọ́n má dí i lọ́wọ́, ó ń sùn ni. Kẹ́mi ló ní rárá, ó ń mí helehele. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kò lè làágùn kí ara rẹ̀ tutù nínú ooru. Bí ibi tó wà bá ti kọjá 30°C, ewu dé. Bàbá sáré gbé omi yìnyín. Dókítà ẹranko pariwo lórí fóònù pé kó má dà á, omi tó kàn tutù níwọ̀nba ni kó fi rẹ ẹsẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Ó yè é.

Láti ọjọ́ náà ni Patron ti kó wọ yàrá kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ìyá Kẹ́mi sì kó tẹ̀lé e, ó ní òun ń ṣọ́ ọ. Òǹkọ̀wé yìí náà ì bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn mú un. Dókítà wá sọ fún wọn pé fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń kó àrùn ọ̀fìnkìn lára ènìyàn. Ara fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni àwọn onímọ̀ ní London ti dá kòkòrò àrùn náà mọ̀ lọ́dún 1933, ọ̀kan lára àwọn ẹranko náà sì sín mọ́ onímọ̀ kan lójú lẹ́yìn náà, àrùn mú òun náà. Wọ́n ní kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá yẹra. Ó yẹra, ó gbé àkéte lọ sí pálọ̀, sórí kápẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí, pẹ̀lú fáànù kan tó ń yí bó bá wù ú.

Ọ̀fìnkìn náà ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá Kẹ́mi ní òun ṣì ń gbọ́ ikọ́.