Ṣíámáànù Ò Tíì San

Kò sí bùkà kan létí omi Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Igbókòdá títí dé Aráròmi, tí kò ní Ṣíámáànù tirẹ̀. Kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan, ẹnikẹ́ni ò sì dìbò fún un. Àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé téèyàn sì ti lè rí ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀, ló fi jẹ oyè. Láàárọ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ Haúsá onítíì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Onítíì á máa da tíì láti inú ife kan sínú èkejì, á gbé e sókè gan-an títí yóò fi hó, Ṣíámáànù á ní kó tún fi mílíìkì díẹ̀ sí i, á wá máa ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí ife kan ṣoṣo lè gbé e dé aago mẹ́wàá. Bí oòrùn bá ti mú, ó di ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ, sídìí pupuru àti ọbẹ̀ marúgbó. Fáìlì kan kì í kúrò ní abíyá rẹ̀. Inú fáìlì ni kọ́ńtíráàkì wà, inú kọ́ńtíráàkì ni owó wà, inú owó náà ni gbèsè ìyá olóúnjẹ yóò ti jáde lọ́jọ́ kan. Àkọlé tó wà lára ògiri ní àwìn ò sí lónìí, ó di ọ̀la. Ṣíámáànù nìkan ló gba àkọlé yẹn gbọ́: ọ̀la dé, òun náà dé.

Ẹ má pè é ní aláìmọ̀kan o. Bi í léèrè ọ̀rọ̀ owó epo rọ̀bì, á ka abala 162 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ọ lórí: ìdá 13 nínú 100, ó kéré tán, ni ti ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde. Á sọ pé 2001 ni wọ́n dá OSOPADEC, àjọ tó wà fún ìdàgbàsókè àwọn agbègbè elépo ìpínlẹ̀ Oǹdó, sílẹ̀, pé ìdá 40 nínú owó ọ̀hún ló tọ́ sí i. Á sọ bí NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta, ṣe gbé iṣẹ́ odi ìdènà òkun ìlú Ayétòrò jáde ní 2004, tí òkun ṣì ń kó ilé lọ títí dòní. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin tó ń ṣírò ìdá 40 nínú ìdá 13 láìfọwọ́ kan bírò kò rántí mọ́ bóyá ẹja méjì ni òun jẹ lánàá tàbí mẹ́ta, ti akàn ni kí ẹ má tilẹ̀ dárúkọ. Inú ń bí i sí àwọn tó ń kó tiwa lọ, tí wọ́n ń ṣèlérí, tí wọ́n ń ní ká ṣe sùúrù. Kí ni òun náà ń ṣe fún ìyá olóúnjẹ? Ó kó tirẹ̀ jẹ, ó ṣèlérí, ó ní kí ìyá dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì. Abuja kékeré ni Ṣíámáànù, tó fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bùkà.

Ẹ wo ohun tó ń jẹ. Pupuru kì í ṣe oúnjẹ ojú ẹsẹ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á sì tò ó sókè iná kí èéfín mú un gbẹ títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á họ ẹ̀yìn dúdú náà kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, kó tó di pé omi gbígbóná wọ ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin ló sábà máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹja ńkọ́? Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní 2023, ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì wọ òkun ò lè ta ẹja fún ọ láwìn nítorí pé o mọ kọmíṣọ́nnà. Owó lọ́wọ́ ni ìyá fi ń rà á.

Ẹlòmíràn á gbèjà rẹ̀ pé ìyà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀: epo ba omi jẹ́, òkun gba ilé, iná mànàmáná ò sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. N ò jiyàn. Ṣùgbọ́n etí òkun kan náà ni ìyá olóúnjẹ ń gbé, inú òkùnkùn kan náà ló ti ń dáná. Ṣíámáànù fúnra rẹ̀ ní àwíjàre tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Á ní ṣebí láyé àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ (Holy Apostles) tó tẹ Ayétòrò dó ní 1947, kò sẹ́ni tó ń sanwó oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò san án. Wọn ò gba owó iṣẹ́ náà: wọ́n pẹja, wọ́n kan ọkọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n rí sì di ti gbogbo ìlú. Ìdajì ìtàn yẹn, èyí tó kan abọ́, ni Ṣíámáànù jogún.

Àwọn tó ti ka ìwé díẹ̀ á gbé Lọ́ńdọ̀nù wá láti fi gbèjà rẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ inú ilé kọfí kì í ṣe nǹkan lásán, ìdí nìyẹn tí Ọba Charles Kejì fi pàṣẹ ní ìparí 1675 pé kí wọ́n ti àwọn ilé náà pa, tó sì yí ohùn padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n á ní ní nǹkan bí 1688, ilé kọfí Edward Lloyd ni àwọn ọlọ́kọ̀ òkun ti ń pàdé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ adójútòfò Lloyd's ti ṣẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀ pé òun dúró fún ọkọ̀ kan, bí ọkọ̀ náà bá rì, òun ló ń sanwó. Ṣíámáànù ti dúró fún gbogbo Ìlàjẹ láìtọwọ́ bọ ìwé kankan.

Èéṣe tí ìyá kò fi lé e? Nítorí pé kọ́ńtíráàkì náà lè jáde ní tòótọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó lé olówó ọ̀la lọ sí bùkà kejì, àwọn olóṣèlú sì mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Nítorí náà ìyá ń fa ilà sínú ìwé àwìn rẹ̀, ilà kan fún abọ́ kan. Ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ Ṣíámáànù wà nìyẹn, ó sì ti ń bínú pé àwọn ilà náà ti pọ̀ jù: ó ní kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí òun sì jẹ́ alága rẹ̀.