Àkúdàáyà Inú Ìwé Owó Oṣù

Òṣìṣẹ́ iwin, tí àwọn oníròyìn tún ń pè ní ayédèrú òṣìṣẹ́, ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù ìjọba, tí owó ń wọlé fún déédéé, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí i lẹ́nu iṣẹ́ rí. Nínú gbogbo àwọn tó ń sin ìjọba Nàìjíríà, òun nìkan ni ò lẹ́sùn lọ́rùn. Kì í pẹ́ dé, kì í sùn lórí tábìlì, kì í ta àǹkárá láwìn fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí fáìlì bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè ní iwin ló gbé e.

Yorùbá ti mọ irú ẹ̀dá yìí tipẹ́. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pe ẹni tó kú níbì kan, tó tún lọ ń gbé níbòmíràn tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àkúdàáyà àtijọ́ a máa ṣiṣẹ́: á dáko, á ṣòwò, á fẹ́yàwó, á bímọ. Ó sì nítìjú. Bí ará ìlú rẹ̀ bá ti fojú kàn án, ó pòórá nìyẹn. Ti ìjọba kì í ṣiṣẹ́, ojú kì í sì í tì í.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dá iwin ni kí òṣìṣẹ́ gidi kú tàbí kó fẹ̀yìn tì, kí akọ̀wé tó yẹ kó yọ orúkọ rẹ̀ má yọ ọ́. Wọ́n tún lè fi orúkọ àbúrò tàbí ọmọ ọwọ́ sí i. Èyí ó wù kó jẹ́, iwin kì í forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlẹ́ran ara tó ní bírò lọ́wọ́, tó sì ní ọ̀gá tó ń buwọ́ lùwé, ló ń bá a ṣe é. Wọ́n ní ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Iwin ò níkùn, àwọn wọ̀nyí ló ń bá a jẹ ẹ́.

Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ IPPIS, ètò tó kó orúkọ òṣìṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Iwin náà kọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di 2014, Báńkì Àpapọ̀ gbé BVN jáde, nọ́ńbà tó so àkáǹtì mọ́ ìka ọwọ́ oníbàárà. Wọ́n fi í yẹ ìwé owó oṣù wò, wọ́n rí i pé orúkọ òṣìṣẹ́ àti orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì ò bára mu, pé ẹnì kan ṣoṣo sì ń gba owó oṣù lóríṣiríṣi. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó kéde pé àwọn ti yọ iwin tó lé ní 23,000. Ká ní wọ́n lára ni, wọn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Íbàdàn. Orúkọ àwọn tó dá wọn ṣọ̀wọ́n nínú ìròyìn.

Alààyè ló ń jìyà àyẹ̀wò. Bí ìjọba bá fẹ́ lé iwin, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń pè. Wọ́n á tò láti ìdájí, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó ti ń ya á wà nínú ọ̀rá. Tíṣà àgbà tó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé títí ìlà ọwọ́ rẹ̀ fi parẹ́ á gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ.

“Màmá, ẹ nuwọ́.”

Wọ́n nuwọ́.

“Màmá, ẹ̀rọ ò mọ̀ yín o. Ẹ padà wá ní Mọ́ńdè.”

Ìjọba ti wá gbé ètò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ń sanwó fún, kí wọ́n máa fi fóònù jẹ́rìí pé àwọn wà láàyè. Iwin kì í wá síbi àyẹ̀wò ní tiẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ síwèé ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ màmá.