Ẹni Tó Gbàdúrà Sórí Jíìnì ní Dàda Estate

Ọmọ Yorùbá kì í lọ sí kíláàsì kó tó mọ ohun tí ọtí ń jẹ́. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i, ìgò ọtí ti wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì ìsọmọlórúkọ, láàárín oyin, iyọ̀, orógbó, obì àti ataare. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò ìyàwó òǹkọ̀wé yìí fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kó wá sí kíláàsì kan ní Dàda Estate, l'Óṣogbo, níbi tí wọ́n á ti kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́ jíìnì wò, tí wọ́n á sì fi tíì ọ̀sán tì í lẹ́yìn, ẹ̀rín ló pa á. Ẹ̀rín náà ò dalẹ́. Àṣìṣe tí èèyàn lè ṣe nídìí ìgò ọtí, ó ṣe é kù díẹ̀ kó tán, ó sì ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí àwọn tó wà níbẹ̀ tó bá a sọ ọ́ kiri Iléṣà.

Ebi ló kọ́kọ́ kó bá a. Wọ́n ní oúnjẹ wà, ó sì jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Bí wọ́n bá ti dárúkọ oúnjẹ fún un, iyán ló ń rí lójú. Kò jẹun àárọ̀, kò jẹ tọ̀sán, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ọlá-Ìyá pẹ̀lú ikùn òfìfo. Kò sẹ́ni tó sọ ìtàn tíì ọ̀sán fún un. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni Anna, ìyàwó Dúùkù Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n máa gbé tíì àti ìpápánu wá fún òun ní ìrọ̀lẹ́, torí oúnjẹ alẹ́ àwọn ọlọ́lá ayé ìgbà náà kì í tètè délẹ̀, ebi sì ti máa ń hàn án léèmọ̀. Ó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i, ni wọ́n bá sọ ọ́ di àṣà. Ebi ló bí àṣà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ohun tí wọ́n tò sórí àwo alájà mẹ́ta ní Dàda Estate ò ní gbà bẹ́ẹ̀: búrẹ́dì tí wọ́n gé etí rẹ̀ dànù, tí wọ́n fi kùkúńbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ há láàárín, tí gbogbo rẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ.

Ó rọra bi àbúrò ìyàwó rẹ̀ léèrè ìgbà tí oúnjẹ ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, òun náà nìyẹn o."

Olùkọ́ náà jẹ́ ọmọbìnrin Òṣogbo tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó to ife kéékèèké kalẹ̀, ó to àwo pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: èso juniper gbígbẹ nínú ọ̀kan, atalẹ̀ nínú òmíràn, ataare àti èèrù nínú méjì yòókù. Ó ní kí wọ́n máa gbóòórùn wọn. Òǹkọ̀wé yìí rò pé wọ́n fi ń ti ebi ni. Ó bu juniper lẹ́kúnwọ́, ó jù ú sẹ́nu bí ẹ̀pà yíyan. Èso juniper korò, ó sì ń ta sánsán bí oje igi. Òun gan-an ló sọ jíìnì di jíìnì: òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní adùn juniper gbọ́dọ̀ borí nínú rẹ̀, kí agbára ọtí náà má sì dín sí 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó jókòó tì í sọ pé bó ṣe ń rún un lẹ́nu, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwàásù wọ̀ lára.

Nígbà náà ni olùkọ́ bọ̀wọ̀ fún un. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lọkùnrin tó dàgbà jù níbí, ẹ bá wa ṣí ìgò yìí, sà."

Ṣíṣí lásán ló ní kó ṣí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ìgò ọtí lé àgbà lọ́wọ́ tí kò retí àdúrà? Òǹkọ̀wé yìí dìde, ó ṣí fìlà, ó wú ikọ́. Ọtí ò ní tí wọn. Ilé onílé á tutù. Òwò olùkọ́ á gbèrú ní Lọ́ńdọ̀nù, á gbèrú ní Òkè-Fìà. Ẹni tó ń wá ọkọ, ẹni tó ń wá físà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe JAMB, ó kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń ṣe "Àmín", àwọn kan ń ṣe "Àṣẹ", áìsì tí wọ́n ti kó sínú ife sì ń yọ́. Nígbà tó kan àwọn tó ti ṣáájú lọ, ó da tiwọn sílẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún ni kápẹ́ẹ̀tì funfun tí onílé tẹ́ sí pálọ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí jíìnì ti di ohun àdúrà nílẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ àlejò ni. Àwọn ará Holland ló kọ́kọ́ ń fi juniper ṣe ọtí tí wọ́n ń pè ní jenever. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mu ún débi pé ìjọba ṣòfin lé e lórí ní 1736, òfin ò ràn án, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1751. Ọdún 1751 yẹn ni William Hogarth ya àwòrán "Gin Lane", níbi tí ìyá kan ti mutí yó tí ọmọ ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ òkun láti Rotterdam àti Hamburg ń já ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin sílẹ̀ l'Ékòó ní àpótí-àpótí, ìjọba amúnisìn sì ń gba owó bodè lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí rélùwéè ti ń gbé ẹrù Èkó wá sí Òṣogbo, owó ọtí yìí ló pọ̀ jù nínú owó kọ́sítọ́ọ̀mù Gúúsù Nàìjíríà. Àwọn míṣọ́nnárì pariwo títí, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909, ìgbìmọ̀ sì ní ọtí náà ò ba ará ìlú jẹ́. Kí ni à bá tún retí lẹ́nu ìgbìmọ̀ tí owó ọtí ń san owó oṣù àwọn tó yàn án? Ọdún 1919 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn Saint-Germain, tó sọ ọtí òwò olówó pọ́ọ́kú yìí di èèwọ̀ ní apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Nígbà yẹn, jíìnì tí wọ́n ń pè ní schnapps yìí ti wọ ojúbọ, ó ti wọ ilé ìdána, ó ti jókòó ti àwọn baba ńlá wa. Dmitri van den Bersselaar kọ odindi ìwé lé ìrìnàjò yìí lórí ní 2007, The King of Drink ni ó pè é.

Wọ́n kó kápẹ́ẹ̀tì kúrò.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò nìyí: wọ́n á gbé ife súnmọ́ imú, wọ́n á la ẹnu díẹ̀, wọ́n á fà á símú jẹ́jẹ́. Wọ́n á kán omi díẹ̀ sí i kí òórùn rẹ̀ lè túká. Wọ́n á wá fi bí ìwọ̀n ṣíbí kan yí ahọ́n po, wọ́n á sì tu ú dànù sínú abọ́ tó wà láàárín tábìlì. Òǹkọ̀wé yìí gbọ́ ti imú, ó gbọ́ ti omi. Nígbà tó kan títu ọtí dànù, ó ti da tirẹ̀ sọ́fun lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti na ife padà pé kí wọ́n fi kún un. Oúnjẹ ló máa ń dá ọtí dúró nínú àpòlúkù kó má tètè bọ́ sínú ìfun. Níbi tí kò bá ti sí oúnjẹ, kíá ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọbàtálá pàápàá mọ̀ ọ́n: ẹmu ló mu lójú ọ̀nà nígbà tí Olódùmarè rán an kó wá dá ilé ayé, ó sùn lọ, Odùduwà sì bá a ṣe iṣẹ́ náà. Títí dòní, àwọn ọlọ́bàtálá kì í fẹnu kan ẹmu.

Fóònù dún, ó jáde lọ gbé e. Nígbà tó padà, wọ́n ti gbé mọ́ínmọ́ín kékeré-kékeré wá, inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó wo àárín tábìlì, ó rí abọ́ tí omi wà nínú rẹ̀. Ilé ire ló dé: wọ́n bomi ìfọwọ́ kalẹ̀. Ó ká apá agbádá sókè, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó fọ àárín ìka, ó fọ èékánná, ó gbọ̀n ọ́n nù. Ìyá àgbàlagbà kan láti Iléṣà ló kọ́kọ́ rí i.

"Háà! Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń ṣe un? Itọ́ gbogbo wa ló wà ńbẹ̀ o!"

Ìyá yìí ló wá di ọ̀gá kíláàsì láti ìgbà náà. Nígbà tí olùkọ́ bu tonic sí jíìnì, tó ní kí wọ́n wo bó ṣe korò, ìyá tọ́ ọ wò, ó ní àgbo ibà ni. Kò sì parọ́. Kinín ló wà nínú tonic, láti ara èèpo igi cinchona ti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ oògùn méjì ní Paris, Pelletier àti Caventou, ló yọ ọ́ jáde lára èèpo náà ní 1820. Ní 1854, nígbà tí dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie gbé ọkọ̀ Pleiad wọ odò Ọya, tí Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà, kinín ni àwọn òyìnbó ń lò, ibà ò sì pa ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Íńdíà ló wá ń fi jíìnì àti ṣúgà pa ìkorò rẹ̀. Ìyá ní dógóyárò tòun náà korò bẹ́ẹ̀, òun ò kàn fi áìsì sí i ni.

Ó tún fojú sí àwo ataare, èèrù àti atalẹ̀. Ó ní páràgà lẹ gbé kalẹ̀ yìí. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ọ̀nà kan náà ni: ọtí líle máa ń fa adùn, òórùn àti agbára jáde lára egbò àti èso ju omi lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn alágbo fi ń rẹ gbòǹgbò sínú ògógóró. Àwọn tó ń pọn jíìnì kàn ń tún un sè lẹ́yìn tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tán, kí ọtí náà lè mọ́ gaara. Ìgò tí olùkọ́ gbé tẹ̀ lé e jẹ́ ògógóró gan-an, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Pedro's l'Ékòó ti ń rọ sínú ìgò olówó ńlá. Ẹmu ògùrọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó kan, wọ́n á sè é nínú dúróòmù, èéfín rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á sì máa kán. Ìjọba òyìnbó fi ọlọ́pàá lé àwọn tó ń ṣe é, torí ẹni tó bá ń mu ti ilé ò ní ra ti ọkọ̀ òkun. Ìyá ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tán tó fi rán wọn létí Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lóṣù kẹrin 2015. Àwọn èèyàn ń fọ́jú, wọ́n ń kú, wọ́n kọ́kọ́ rò pé àrùn àjèjì ni. Ìwádìí wá fi hàn pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ahọ́n ò lè yà á sọ́tọ̀, bó ti wù kí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì tó. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró lọ́dún náà.

Tíì ló kẹ́yìn. Olùkọ́ po tíì gbígbóná, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti jíìnì pọ̀, ó gbé e fún wọn. Lójú òǹkọ̀wé yìí, tíì tí kò ní mílíìkì, ti aláìsàn ni. Ó bẹ̀bẹ̀ fún Peak, wọ́n fún un, ó dà á sínú ife, ó rò ó. Ojú ẹsẹ̀ ni nǹkan funfun ṣùjọ sókè, omi pupa dúró sísàlẹ̀. Ó tún rò ó, ó burú sí i.

"Ẹ ti ṣe wàrà," ni ìyá wí.

Olùkọ́ kọjú sí i, gbogbo wọn retí ìbáwí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dà á nù. Ohun kíkan máa ń mú mílíìkì dì, ohun tó dì náà á sì di ìkorò tíì àti ìdọ̀tí mọ́ra, kí ohun tó bá kán gba àárín rẹ̀ lè mọ́. Láti bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ní 1763, Benjamin Franklin ti Amẹ́ríkà kọ bó ṣe ń ṣe tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀: èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù 44 nínú ọtí brandy, omi lẹ́mọ́ọ̀nù, ṣúgà, nutmeg mẹ́rin tí wọ́n rin, àti mílíìkì tó ń hó. Onílé lọ mú aṣọ tó fi ń sẹ́ ògì wá láti kíṣìnì, wọ́n so ó mọ́ ẹnu jọ́ọ̀gì, wọ́n dà á sí i, ó ń kán tó, tó, tó, gaara bí omi òjò. Nígbà tó pé ìdajì ife, olùkọ́ ní kí wọ́n gbé e yípo. Àwọn tó pẹ́ dé ló tọ́ ọ wò. Àwọn tó rí ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn lójú ní àwọn ti yó.