Abéèrè Tó Ṣìnà

Àwọn baba wa tí wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà kò purọ́ nígbà tiwọn, nítorí pé ẹni tí à ń bi ní ọ̀nà láyé ìgbà náà ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó mọ odò tí ó kún àti igi tí ó dábùú, yóò sì kọ́kọ́ bi àlejò pé, "Níbo ni ẹ ti ń bọ̀?" kí ó tó na ìka síbì kan. Fóònù ni à ń bi lónìí. Fóònù kò sì lẹ́sẹ̀.

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Paris. Ó bi fóònù, ó sì gba èsì tí kò lábùkù: bí ẹyẹ bá fò tààrà, nǹkan bí kìlómítà 344 ni, bí ó bá ṣe ọkọ̀ òfuurufú, wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 15 tàbí 20. Orí rẹ̀ wú. Ó gbàgbé pé òun kì í ṣe ẹyẹ, àti pé ẹ̀gbọ́n òun kò kọ́lé sí òfuurufú.

Gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni Paris wà, ìhà ibẹ̀ náà sì ni Peckham; ṣùgbọ́n Heathrow, ìtẹ́ àwọn ẹyẹ irin, abariwo-kọ-ojú-sánmà, ìwọ̀-oòrùn ni ó wà, ó lé ní ogún kìlómítà sí àárín ìlú. Nítorí náà, ohun tí arìnrìn-àjò wa kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kẹ̀yìn sí Paris, ó ń sá fún un. Ó dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú. Ó bọ́ bẹ́líìtì, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó ń fi èkejì ti àwo ike. Ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Nígbà tí ọkọ̀ wá gbéra, kíá ni ó fo omi tí ó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, tí awakọ̀ òfuurufú Louis Blériot fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 37 là kọjá ní 1909, tí ayé pàtẹ́wọ́ fún un. Ó balẹ̀ ní pápá ọkọ̀ Roissy, nǹkan bí kìlómítà 25 sí Paris. Ẹ̀gbọ́n pè é: "Ṣé o ti dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé Paris o, Paris ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi."

Tirẹ̀ tilẹ̀ sàn. Àwọn tí wọ́n wá owó pọ́ọ́kú lọ, Beauvais ni wọ́n já wọn sí, ìlú ọ̀tọ̀ tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 80 sí Paris lójú títì, tí wọ́n fi Paris kún orúkọ pápá ọkọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ta ní í pe òòbẹ̀ ní àdán fún òrìṣà?

Bẹ́ẹ̀, ihò abẹ́ òkun ti là láti 1994. Rélùwéè ń gbéra ní St Pancras láàárín ìlú, ó ń gúnlẹ̀ sí Gare du Nord láàárín ìlú, ní nǹkan bí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 20. Ọmọ Peckham mọ̀. Ó ní méjì ju ọ̀kan lọ.

Nígbà àbọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wí pé aago 10:00 ni ọkọ̀ yóò gbéra, aago 10:20 ni yóò balẹ̀, nítorí pé aago Faransé fi wákàtí kan ṣáájú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ya á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé ogún ìṣẹ́jú ni òun fi ti Paris dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ti jí láàárọ̀ kùtù láti sìn ín dé Roissy, ni ó kọ́kọ́ fèsì: ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó sáré padà wá mú ṣájà fóònù rẹ̀ tí ó gbàgbé.