Ẹrù Àpò Mẹ́jọ Lórí Ọkọ̀ Àpò Méje

Ìbọn tí bàbá mi fi sílẹ̀ ga jù mí lọ. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun la fi ń wọn ara wa nígbàkígbà tí a bá ń jiyàn ta ló ti dàgbà. Ṣakabùlà ni, alágbẹ̀dẹ kan ní apá Ìfọ̀ ló rọ ọ́, kò sì sí ìkankan nínú àwa ọmọ tó ga dé ẹnu rẹ̀. Kí ló wá ṣe mí tí mo fi lọ ra sééfù fún un láìmú téèpù ìwọ̀n dání? Ìyàwó mi ti bi mí ní ìbéèrè yìí. Ó ti bi mí lójú àwọn àlejò.

Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àkáǹtì ni ara mi ti ń wá oko. Apákun là ń gbé, lẹ́yìn Òṣòdì, níbi tí ariwo bàálù àti ariwo agbèrò ti ń bára wọn jà látàárọ̀. Ire ibẹ̀ ni pé kò sí ohun tí wọ́n fi irin ṣe tí èèyàn máa wá tì. Ọjà Ládípọ̀ kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù Toyota, kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan á ti bi yín pé ẹ́ńjìnnì wo lẹ̀ ń wá, ṣé Bẹ́ljíọ̀mù ni àbí tuntun. Ibi ibẹ̀ náà nìyẹn: ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá gan-an á rí i rà.

Ohun méjì lèmi ń wá. Mo fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa kó ẹ̀gẹ́ jáde láti oko bàbá mi, mo sì fẹ́ sééfù tí ìbọn náà yóò máa gbé. Àbúrò bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ ló ń ṣọ́ oko. Orí àjà, lókè ààrò, ló fi ìbọn sí, kí èéfín má baà jẹ́ kó dípẹtà, ó sì máa ń fi àdín pa á lára. Mo ní ayé ìyẹn ti kọjá. Mo ní àwọn ọmọdé wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu, òun nìkan ló sì bọ́gbọ́n mu nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí.

Mẹkáníìkì mi ní Ládípọ̀ jẹ́ ọmọ Íbò tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tí mo bí lọ. Ó ní, “Dádì, Peugeot 504 pick-up ni kẹ́ ẹ rà. Ó ń gbé tọ́ọ̀nù kan, kò sí abúlé tí wọn ò ti lè tún un ṣe.” Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí Peugeot ti ṣí ilé iṣẹ́ sí Kàdúná ní 1975, 504 ti di ọmọ ilé ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sára Suzuki funfun kékeré kan tó wà níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tókúnbọ̀ lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó mọ́ tónítóní, ó sì ń wò mí.

Lórílẹ̀-èdè Japan, òfin ló sọ bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kéré mọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 660 cc lọ, gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 3.4, ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 1.48, ẹrù orí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kílò 350. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fi í ṣiṣẹ́ oko. Èyí tó ní òrùlé nínú ìran rẹ̀ làwa ń wọ̀ ní Èkó tá à ń pè ní kòròpé. Mo ka gbogbo èyí lórí fóònù. Mo tún kà á sókè fún ìyàwó mi. Lójú mi, kílò 350 pọ̀ lọ jàra.

Kí ẹ má ṣe rò pé mi ò yẹ nǹkan kan wò. Ìwé ni mo yẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé mọ́, mo sì mọ̀ pé Kùtọ̀nú kò fìgbà kan sinmi. Nítorí náà mo jókòó ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, mo ń fi nọ́ńbà ara ṣásí wé nọ́ńbà inú ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á fi lọ jẹun tó tún padà dé. Nọ́ńbà pé. Sítiárìn ni mi ò wò.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Japan, apá ọ̀tún sì ni sítiárìn wọn máa ń wà. Àwa náà gba ọwọ́ òsì rí. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bíi ti àwọn tó yí wa ká. Gáńà tẹ̀ lé wa ní oṣù kẹjọ ọdún 1974. Mo ti gbọ́njú dáadáa lọ́dún 1972 yẹn. Ó yẹ kí n fura. Ẹnì kan ti tú sítiárìn Suzuki mi kúrò lápá ọ̀tún, ó ti gbé e wá sápá òsì, ó sì ṣe é mọ́ debi pé ojú kò lè rí ojú ibi tó jó. Ìyókù ọkọ̀ ni kò bá wọn gbọ́ pé a ti kó lọ. Bí mo bá fẹ́ yà, tí mo tẹ ìtọ́ka, wáípà ló máa dáhùn. Ẹni tó jókòó tì mí ló ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iná iwájú tó yẹ kó máa wo etí títì ń wo ojú ẹni tó ń bọ̀ tààrà. Wáípà sì ń nu iwájú awakọ̀ ti Japan ní ànután, ó wá ń fi apá kan sílẹ̀ gẹ́lẹ́ níwájú èmi.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Peckham gbọ́ pé mo ń wá sééfù, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ kan tó ń gbé ní Kent máa ń yìnbọn sí ẹyẹ, ọlọ́pàá sì wá wo ibi tó ń tì í mọ́ nílé rẹ̀ kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ. Àpótí irin ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi bóòtì dè é mọ́ ògiri. Ó ní, “Dádì, ohun tẹ́ ẹ nílò nìyí o. Wẹ́dà tó bá mọṣẹ́ lè ṣe é fún yín ní Òṣòdì.” Mo wo àwòrán náà títí. Mo ní, ṣé kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé nìyí? Sééfù tí kò bá lè mú alábàárù mẹ́rin làágùn, kí la fẹ́ fi í ṣe?

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò irin àlòkù ni mo ti rí èyí tó mú wọn làágùn. Ó ní inú báńkì kan tó ti kógbá sílé ni wọ́n ti gbé e jáde, ìtàn náà sì bá orí mi mu. Oṣù keje ọdún 2004 ni Soludo, tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, sọ pé báńkì tí kò bá ní bílíọ̀nù 25 náírà kó lọ wá ẹni dara pọ̀ mọ́. Kí ọdún 2005 tó parí, báńkì 89 ti di 25. Gbogbo ayé ló sọ̀rọ̀ nípa owó tó há àti iṣẹ́ tó bọ́. Ta ló béèrè pé sééfù wọn dà?

Ó dúdú, ó ga dé àyà mi. Mo gbá a, kò tilẹ̀ dún. Kọnkéré ni wọ́n rọ sáàárín irin òde àti irin inú kí iná má baà jó ìwé owó, nítorí náà inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju àpótí aṣọ ọmọléèwé lọ. Èyí tí mò ń sọ yìí, ìgbẹ̀yìn ni mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ náà, ìlẹ̀kùn ni mò ń ṣí tí mò ń pa dé, torí pé ó ń dún gbì lọ́nà tó dùn mọ́ mi. Mo béèrè bó ṣe wúwo tó. Ọkùnrin náà ní, “Alàgbà, ó tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ.” Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50. Ọkọ̀ mi, kílò 350. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi bá ìṣirò jẹun, mi ò ṣe ìṣirò yẹn.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣí i: kí n yí i sí òsì lẹ́ẹ̀mẹrin títí dé nọ́ńbà kìíní, sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta títí dé èkejì, sí òsì lẹ́ẹ̀mejì dé ẹ̀kẹta, kí n wá dá a padà sí ọ̀tún títí yóò fi dúró. Mo kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀yìn ìwé kan tó wà lápò mi. Lójú ìwé náà ni mo kọ ohun tí mẹkáníìkì máa bá mi rà sí: bíléèdì wáípà, pọ́lọ́ọ̀gì, bẹ́líìtì fáànù. Mo gbé ìwé náà fún mẹkáníìkì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí àwọn alábàárù sọ sééfù sẹ́yìn Suzuki, ìdí ọkọ̀ jókòó, imú rẹ̀ gbéra sókè. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, ọkọ̀ yín ń gbàdúrà o.” Mo ní kó gba owó rẹ̀ kó máa lọ.

Ó yẹ ká kúrò lọ́sàn-án, ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó kúrò. Ọmọ àbúrò mi jókòó tì mí. Ní Abúlé Ẹ̀gbá ni òjò dé. Ẹ ti mọ bí wáípà mi ṣe ń ṣe. Ọmọ yẹn ń rí ọ̀nà kedere, èmi tí mò ń wakọ̀ ń wo omi. Ojú rẹ̀ ni mo fi wakọ̀ dé Sángo: “Bàbá, kòtò! Bàbá, ẹ rọra, ọlọ́kadà! Bàbá, ìyẹn kì í ṣe títì!” Iná iwájú mi, tó ti ń wo ojú èèyàn tẹ́lẹ̀, ti wá ń wo ojú ọ̀run pẹ̀lú. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló ń fi iná bú mi, àwọn míì sì ń fi ẹnu kún un.

A kọjá Sángo díẹ̀, àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì yí ẹ̀yìn ọkọ̀ ká.

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan.”

“Bàbá, ẹ gbé irú sééfù yìí lọ sóko lóru, nínú òjò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀?”

Ibi tí ó ti yẹ kí n dákẹ́ nìyí. Mo ní, “Ìbọn ni mo fẹ́ lọ kó sí i.”

Ọmọ àbúrò mi di ojú rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n di mẹ́ta. Wọ́n ní kí n ṣí i. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo sì rántí ibi tí ìwé wà.

Wọ́n gbà mí láyè kí n pe mẹkáníìkì. Ó ti sùn. Ó wá ìwé náà rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: “Wáípà, méjì…” Ọ̀gá ọlọ́pàá ti ń yí i sí òsì. Mo pariwo pé ẹ̀yìn ìwé ni, ẹ̀yìn ìwé! Bí mẹkáníìkì ṣe ń ké nọ́ńbà láti inú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá yìí ń yí i, tó tún ṣì í, tó tún bẹ̀rẹ̀, òjò ń ro ó lórí, kò sì bú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlẹ̀kùn wá ṣí. Ó tan iná sí inú rẹ̀. Ó ki apá bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri kíákíá. Ó yíjú sí mi.

“Bàbá, ìbọn wo ló fẹ́ wọ ibí?”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà máa wo inú rẹ̀ dáadáa nìyẹn.

Nígbà tí a yà sí ọ̀nà oko, sípíríìnì ẹ̀yìn méjèèjì ta ró lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ fọwọ́ rọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná Bàbá Ọdẹ, sééfù yí bọ́, ibẹ̀ ló sì wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Ọdẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ gbé ìbọn, ó fi ìdí rẹ̀ sínú sééfù, ìdajì rẹ̀ yọ síta. Ó dá a dùbúlẹ̀, ó tún yọ síta. Mo ní bóyá a lè gé e. Ó wò mí títí mo fi bẹ̀ ẹ́.

Ó wá bi mí pé ìwé àṣẹ wo ni mo fẹ́ fi máa tọ́jú ìbọn ọ̀hún. Mo ní ti Bàbá. Ó ní, “Ṣé òkú ló máa yìn ín ni?” Ní àárọ̀, ó pe ọlọ́pàá kan tó mọ̀ wá sílé, ìyẹn sì ṣàlàyé. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i, ìbọn tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ń fúnni níwèé lé lórí, àti èyí tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, tí ṣakabùlà wà lára rẹ̀. Ìyẹn náà nílò ìwé, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́. Wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, wọn kì í fún ọ̀mùtí, wọn kì í fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Nígbà tó dé orí ojú yìí, ọmọ àbúrò mi wúkọ́. Ọlọ́pàá náà gbé ìbọn lọ sí àgọ́ wọn pé kí n wá gbà á nígbà tí mo bá ti ní ìwé tèmi.

Báyìí ni sééfù ṣe wà láìní ìbọn. Ìyàwó Bàbá Ọdẹ ló rí iṣẹ́ fún un. Ó kó ẹ̀gúsí rẹ̀ sí i, torí pé eku àti ewúrẹ́ kò mọ nọ́ńbà. Òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ládípọ̀ ni ìwé ṣì wà, mẹkáníìkì kò sì gbà láti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́: ó ní nọ́ńbà sééfù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ sórí fóònù. Bí ìyá bá fẹ́ se ọbẹ̀, wọ́n á flash rẹ̀, á pè wọ́n padà, á máa ké e fún wọn títí ìlẹ̀kùn á fi ṣí, wọ́n á sì bu tirẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti pa fóònù rẹ̀. Ewédú la jẹ.