Asọtẹ́lẹ̀-má-tàsé

Asọtẹ́lẹ̀-má-tàsé ni ẹni tí ó ti mọ ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú yóò fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ nígbà tí ààrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ búra fún kò tíì yan mínísítà rẹ̀ tán. Ìdí tábìlì fẹ́ńdọ̀, ìyẹn ẹni tí ń ta ìwé ìròyìn, ni a ti máa ń bá a, láàárín àwọn tí wọ́n ń ka àkọlé iwájú ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò fi ìka tẹ àwòrán gómìnà kan mọ́lẹ̀ lójú ìwé tí kò rà, yóò wo ọ̀tún wo òsì, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò sì ní: "Wọ́n ti parí ẹ̀ l'Ábújá." Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé àwọn wo ni ó parí rẹ̀, ẹ̀rín músẹ́ ni yóò rín, nítorí pé lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bá lè bèèrè irú ìyẹn kò tíì mọ òṣèlú.

Pínpín ipò, ìyẹn àdéhùn pé kí ipò ààrẹ máa yí láàárín Àríwá àti Gúúsù, ni ìṣirò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ẹgbẹ́ a sì máa rántí rẹ̀ tàbí kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ bí ó bá ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni yóò ka iye gómìnà àti sẹ́nétọ̀ tí wọ́n wà lẹ́yìn ẹni tirẹ̀. Àmọ́ nínú ìdìbò abẹ́lé, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje, Òfin Ètò Ìdìbò ọdún 2022 kò fi àyè ìbò sílẹ̀ fún gómìnà tàbí sẹ́nétọ̀ nítorí ipò wọn: àwọn aṣojú tí wọ́n dìbò yàn láti ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n dìbò lọ́dún náà.

Ó yẹ kí ọdún 2022 yẹn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà, alága ẹgbẹ́ òṣèlú APC, Abdullahi Adamu, sọ fún àwọn alákòóso ẹgbẹ́ náà pé Ahmad Lawan, ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, ni olùdíje àfẹnukò, ìyẹn ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ láìdìbò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Asọtẹ́lẹ̀-má-tàsé ti ń búra pé Lawan ni òun ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà jáde ní Eagle Square l'Ábújá lọ́jọ́ kẹjọ, tí Tinubu ní 1,271, Amaechi 316, Osinbajo 235, tí Lawan sì ní 152, ó ní láti ìgbà tí Tinubu ti pariwo "Èmi ló kàn" l'Abẹ́òkúta ni òun ti mọ̀. Kò kúkú parọ́ tán: orúkọ márùn-ún ni ó ti sọ fún àwùjọ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn tí wọ́n ń jèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dé ìdí tábìlì náà. Gómìnà tí sáà rẹ̀ ń tán lọ a máa fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ òun, bí kò tilẹ̀ ní ìrètí tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ń dárúkọ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó juwọ́ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì bẹ̀ kì í padà lọ́wọ́ òfo. Ìdí nìyí tí fọ́tò fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri lóru, tí wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ ni ó tẹ̀ ẹ́, tí olójú fọ́tò yóò sì ní òun kò mọ nǹkan kan sí i.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí APC ti fọwọ́ sí Tinubu fún ìdìbò 2027, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà kò dùn ún sọ mọ́, ni ó bá kọjú sí 2031. Orúkọ ààrẹ àti ti igbákejì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí yóò gbé wọn wọlé nìkan ni kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ elétò ìdìbò, INEC.